Àáké Ilé Olóyin

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdó-Àpáta tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Ó ní àáké kan tó ń kẹ́ bí ẹni ń kẹ́ ọmọ tuntun. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, yóò gbé e wálẹ̀ lórí àjà, yóò tú aṣọ tó fi wé e, yóò fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, yóò fi epo pa á, yóò sì tún wé e padà. Kò fi gé igi kankan rí. Nígbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní kó fi la igi ìdáná, ohun tó sọ ni pé òkúta máa ń wà nínú igi nígbà mìíràn. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti ń dáná, kò rí òkúta nínú igi rí, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àáké náà ti ń dun ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ tí àpáta ya lu bàbá Ògúnṣakin lórí òkè, àáké yìí nìkan ni wọ́n gbé wálẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe é.

Òkè tí à ń wí yìí ni Òkè Olóyin, òun ló sì sọ ilé wọn lórúkọ. Ní ìlú mìíràn, bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ irin, yóò ṣa òkúta jọ, yóò sì yọ́ ọ nínú iná ìléru. Ti Ìdó-Àpáta kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbà ló wà nínú òkè wọn, bàbà tó ti se ara rẹ̀ jinná kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Àwọn àgbà ní láyé ọjọ́un, inú òkè náà gbóná bí ìkòkò orí iná. Omi gbígbóná ń gba gbogbo ibi tí àpáta ti là gòkè, bó sì ti ń tutù ló ń fi bàbà sílẹ̀ lọ́nà, bí omi kànga ṣe ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àmù. Ìdí nìyẹn tí bàbà náà fi tẹ́ bí ewé níbì kan, tó sì lọ́ bíi gbòǹgbò níbòmíràn. Ẹni tó bá ń wá a kò ní ju kó wo ojú àpáta lẹ́yìn ìgbà òjò. Ibi tí omi bá ti ṣàn lára rẹ̀ tó sì fi àwọ̀ ewé sílẹ̀, bàbà ń bẹ nítòsí.

Ẹnikẹ́ni kì í pe bàbà lórúkọ lórí òkè yìí. Wọ́n gbà pé bó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, yóò sá wọ inú àpáta lọ síwájú sí i. Oyin ni wọ́n ń pè é, nítorí bí wọ́n bá fi nǹkan ha á, pupa rẹ̀ ń dán bí oyin inú afárá. Bí ẹnì kan bá rí i wà jáde, wọn a ní ó ti jẹ oyin. Kódà nínú ilé, àwọn ọmọ ilé Olóyin kì í sábà sọ pé bàbà. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ọba ìlú wàjà, tí wọ́n sì yan ẹlòmíràn, iṣẹ́ délẹ̀ fún Ògúnṣakin, baálé ilé Olóyin. Àṣà wọn ni pé bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí òkè ni wọ́n fi ń de ọ̀pá àṣẹ ọba tuntun, ilé Olóyin ló sì gbọ́dọ̀ gbé e wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kí bàbà tó dé ààfin, a jẹ́ pé òkè ti kọ̀ wọ́n. Wọn yóò gba òkè lọ́wọ́ wọn, wọn yóò sì fà á lé ilé Jagùn lọ́wọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ilé Jagùn ti ń wo òkè náà bí ẹni ń wo ẹran lórí iná.

Èyí tó rọrùn láti mú nínú oyin òkè náà, àwọn baba ti jẹ ẹ́ tán. Ògúnṣakin wá a títí kó tó rí ibi tí àpáta ti ní àwọ̀ ewé, lábẹ́ òkúta ńlá kan. Òun àti Àwẹ̀ró to igi sí i lára, wọ́n dáná sí i títí àpáta fi gbóná gan-an, wọ́n sì da omi tútù lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Àpáta sán, ó là, ó sì ń já bọ́. Nígbà tí èéfín túká, wọ́n rí oyin náà: ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, orí rẹ̀ wọ inú àpáta, ìdí rẹ̀ náà wọ inú àpáta. Inú Ògúnṣakin dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Òòlù ló kọ́kọ́ mú. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Òkúta tí a bá fi òòlù lù yóò fọ́, ṣùgbọ́n oyin òkè yìí kì í fọ́, ṣe ló ń tẹ̀. Bó ti ń lù ú ló ń fẹ̀, bó ti ń fẹ̀ ló ń kún ibi tí àpáta ti là, tó sì tún há síbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọwọ́ ń ro ó ló tó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ, pé gígé ni wọ́n ń gé oyin, wọn kì í lù ú. Ohun tó lẹ́nu ló kù tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ògúnṣakin sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá nídìí àjà ara rẹ̀, ó sì gba ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọdẹ́tókun lọ, ó yá àáké. Oyin náà gba ẹnu àáké díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpáta kò jìnnà sí i. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ẹnu àáké Ọdẹ́tókun ti ká bí etí ajá. Ó dá a padà, ó sì lọ yá ti ẹlòmíràn. Ìyẹn náà kú. Nígbà tó tún padà wá sọ́dọ̀ Ọdẹ́tókun láti bi í bóyá ó tún ní òmíràn, ọkùnrin náà ń tu koríko nídìí ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, kò dìde.

Ọdẹ́tókun ní, "Ṣakin, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àáké wà nílé rẹ."

"Ti bàbá mi ni."

"Èmi náà kò jí tèmi. Bàbá mi ló fún mi. O fẹ́ fi àáké ẹlòmíràn jẹ oyin, kí tìrẹ máa sùn nínú aṣọ." Ó ju koríko tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi kò bínú. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Ojú ti Ògúnṣakin. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó yá a ní nǹkan mọ́ nínú ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn ìjòyè ní kí n kí yín. Wọ́n ní ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ará ilé Jagùn méjì ti wà láàfin láti ìdájí." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ògúnṣakin gbé àáké wálẹ̀. Ó tú aṣọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò bí ìṣe rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Òun àti Àwẹ̀ró gun òkè pọ̀. Ìkùukùu dúdú ti kó jọ lápá ìlà oòrùn, atẹ́gùn sì ti ń rùn bí erùpẹ̀ tútù.

Ó gé oyin náà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo ẹnu àáké. Kò ṣe nǹkan kan. Ó tún gé e, ó tún wò ó, ó fi etí aṣọ nù ún. Kó lè yẹra fún àpáta, ó ń gé e bí ẹni ń bẹ iṣu fún aláìsàn, ojú ibi tó gé kò sì jìn ju èékánná lọ. Atẹ́gùn ń le sí i. Àwẹ̀ró dúró tì í, ó ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tún gbé àáké sókè síbi ìmọ́lẹ̀, tó ń yí i síwá sẹ́yìn, obìnrin náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ó ní, "Bàbá Ọmọ́yẹni, ẹ dákun, ṣé oyin lẹ fẹ́ jẹ ni àbí ẹnu àáké lẹ fẹ́ wò?"

"Bàbá mi ló ni ín, Àwẹ̀ró. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ mi."

"Bàbá yín náà ló ni òkè. Orí ẹ̀ ni wọ́n kú sí. Èwo nínú méjèèjì lẹ lè gbé sórí àjà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wá fẹ ẹsẹ̀, ó gbé àáké kọjá orí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Iná ṣẹ́ lára òkúta. Ohun kan fò kọjá létí Àwẹ̀ró, ó sì mọ̀ pé irin ẹnu àáké ni, ṣùgbọ́n kò sọ. Ògúnṣakin kò dúró, kò sì wo àáké. Ó gé orí, ó gé ìdí, àpáta ń dá a lóhùn, àáké ń ké, títí oyin náà fi yẹ̀ kúrò nípò rẹ̀, tó sì já sí wọn lẹ́sẹ̀. Ó wúwo, ó ń dán, ó pupa.

Àwẹ̀ró ru oyin, Ògúnṣakin gbé àáké kọ́ èjìká, wọ́n sì ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìloro ààfin ni òjò àkọ́rọ̀ bú. Àwọn ará ilé Jagùn wo bàbà náà, wọ́n wo ìta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọn yóò ṣe lọ sílé nínú òjò.

Ọba tuntun fọwọ́ kan bàbà náà, ojú rẹ̀ sì lọ sára àáké. Ó ní, "Baálé ilé Olóyin, àáké tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ fún mi láti kékeré nìyí? Kí ló ṣe ẹnu rẹ̀?"

Ògúnṣakin dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, n kò tíì wò ó."

Ọba rẹ́rìn-ín, gbogbo ààfin bá a rẹ́rìn-ín, Ọdẹ́tókun tó ti wá wo ìran sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Òkè Olóyin ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnṣakin fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àáké náà wò, kò sì sí ẹnu níbẹ̀ mọ́. Ó dùn ún, ó sì sunkún díẹ̀. Ó wá kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọlé yóò ti máa rí i láìní aṣọ lára. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti rí i, tí wọ́n bèèrè ìtàn rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró fi di ohun tí àgbà ń sọ fún ẹni tó bá ń ṣọ́ ohun èlò tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ju iṣẹ́ gan-an lọ, pé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.