Iná Pupa Ẹ̀yìn Alùpùpù

Ọkùnrin kan wà tó jogún alùpùpù kékeré lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Alùpùpù náà dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn. Iná iwájú rẹ̀ nìkan ló ń kó ìtìjú bá a, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Láràárọ̀ ló ń gùn ún lọ sóko, ìyàwó rẹ̀ a sì máa gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà ọyẹ́, tí ìkùukùu bá bo ọ̀nà, iná pupa kékeré ẹ̀yìn alùpùpù ni obìnrin náà ń wò tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ọkùnrin yìí ra gílóòbù ńlá kan fún iná iwájú, ó gbé e lọ bá ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ríwáyà yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ní agbára iná rẹ̀ kò lè gbé gílóòbù yìí àti iná ẹ̀yìn pọ̀, kí ó ní sùúrù kí àwọn kọ́kọ́ pààrọ̀ ohun tó ń mú iná wá nínú ẹ́ńjìnnì náà. Sùúrù wo?

"Já tẹ̀yìn," ni ọkùnrin náà wí. "Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

Wọ́n já a. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wo iná tuntun, wọ́n ń kí i kú oríire, orí rẹ̀ wú. Kò tiẹ̀ rántí sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ìkùukùu bo ọ̀nà oko. Iná ńlá náà fi igi kan tó wó dí ọ̀nà hàn án láti òkèèrè. Ó tẹ bíréèkì, ó dúró. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kọ lù ú lẹ́yìn.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú kòtò, kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, apá rẹ̀ ti kán. Obìnrin náà kò sunkún.

"Baba Àjíkẹ́, iná pupa yín ni mo ń wá láti ilé," ló wí. "Mi ò rí i, ìró ẹ́ńjìnnì ni mo ń tẹ̀ lé. Ta ló pa á?"

Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Gílóòbù ńlá náà ṣì ń tàn yòò sára igi.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìjọ ló ń yìn ọ́. Kò sí àlejò tí o kì í rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n mo wà nílé rẹ lánàá nígbà tí o wọlé, mo sì rí bí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ti gbọ́ ìró bàtà rẹ. Ẹ̀rù bà mí. Lọ sílé báyìí, kí o so iná ẹ̀yìn rẹ padà, kí apá ẹnì kan tó kán.