Ẹṣin Tí Láwọyin Kò Fi Ṣe Pààrọ̀

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n ń pa á níbi ìkómọ, wọ́n ń pa á níbi tí ẹ̀gbọ́n bá ti hùwà tí kò dáa lójú àbúrò, kódà olóṣèlú tó fẹ́ kí á dìbò fún òun a máa fi dárà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹṣin wo ló wà níwájú, ta ló gùn ún, kí sì ni tẹ̀yìn ń wò? Ohun tó mú mi bèèrè ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eléré, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Wọ́n ti ṣe tuntun tó máa rọ́pò rẹ̀ jáde, ojoojúmọ́ ló sì ń bi mí bóyá kí òun fi ti àtijọ́ ṣe pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní kó jókòó kí n pa ìtàn Láwọyin fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Bí wọ́n ṣe pa á nílé wa ni màá ṣe pa á. Bí ilé tiyín bá ní tirẹ̀, a ò ní tìtorí ẹ̀ jà.

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dàn-Agbọ̀nrín. Ẹṣin ni iṣẹ́ wọn, ẹṣin náà ni fáàrí wọn. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó ọkà wọlé tán, agboolé mẹ́fà tó wà nílùú náà a máa sáré ẹṣin láti ẹnu odi, wọ́n á la pápá já, wọ́n á wọ́ odò Aṣẹ́ kọjá, wọ́n á sì gun òkè dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Agboolé kan lè mú ẹṣin méjì wá bí ó bá ní in. Èyí tí ẹṣin rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ààfin ló ni koríko etí odò títí òjò yóò fi padà. Ẹni tí kò mọ ọ̀dàn lẹ́ẹ̀rùn lè rò pé kí ni koríko já mọ́. Lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ a gbẹ títí yóò fi sán, etí odò yẹn nìkan ni ewé tútù sì máa ń kù sí.

Láwọyin ni àgbà ẹlẹ́ṣin ní agboolé Jagunlábẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi gba iwájú lórí abo ẹṣin kan tó sọ ní Máwẹ̀yìn, nítorí pé bí ó bá ti mú eré, kì í bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú ìtàn yìí, agboolé Olúọ̀nà fi ọrùn ẹṣin kan ṣoṣo na wọ́n. Ọrùn ẹṣin péré! Ní ẹ̀rùn yẹn, ọmọ ẹṣin mẹ́ta ló kú ní Jagunlábẹ̀. Ìṣojú Láwọyin ni èyí tó kẹ́yìn kú, ó ń lá ilẹ̀ gbígbẹ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ọkùnrin náà sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì búra pé ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kò ní bá ilé àwọn nínú ebi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n sáré, Ndako, ará Tápà tó ń ta ẹṣin, dé sí ìlú. Ẹṣin méjìlá ló kó wá, gbogbo wọn jẹ́ ọ̀dọ́. Òun náà ló ta Máwẹ̀yìn fún Láwọyin lọ́dún méje sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́. Ó nawọ́ sí akọ ẹṣin pupa kan.

"Láwọyin, wo èyí dáadáa. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí òun àti tìrẹ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ní, àbúrò ní in, ó tún fi ẹsẹ̀ gígùn lé e."

"Kí lo máa gbà?"

"Mi ò fẹ́ owó ẹyọ. Mú arúgbó yẹn wá, kí o mú èyí lọ. Pààrọ̀ lásán."

Orí Láwọyin wú. Ta ló ń fi ẹṣin ọ̀dọ́ gba ẹṣin àgbà láìbéèrè èènì? Ó yẹ kó ti ibẹ̀ fura, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá ń fi ojú méjèèjì wá, bó bá rí i, kì í yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí àṣà àwọn ẹlẹ́ṣin, Ndako fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi gun ẹṣin náà wò. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, kó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí Ndako fẹ́ máa kó àwọn tó kù lọ sí Ajàdó, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kìíní, Láwọyin gun ẹṣin náà, tó ti ń pè ní Pupa, yí pápá ká. Ẹṣin náà sáré dé ibi tí kò fi gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i létí lọ. Ọyáníran, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń rò? Ẹ jẹ́ kí Tápà máa mú arúgbó lọ!"

Láwọyin náà ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Máwẹ̀yìn láti ọdún méje, ló bèèrè bóyá inú pápá nìkan ni wọ́n ti ń sáré. "Ẹ ò tíì mú un dé odò, ọkọ mi." Láwọyin rẹ́rìn-ín, ó ní ẹṣin wo ni kò mọ omi. Àṣìṣe àwọn ará Ọ̀dàn-Agbọ̀nrín pátá nìyẹn: pápá ni wọ́n fi ń yan ẹṣin, bẹ́ẹ̀ odò ló ń yan ẹni tó máa gba iwájú.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi eré mú Pupa dé Aṣẹ́. Bí ẹṣin náà ṣe rí i tí omi ń dán, ó dúró gbagidi. Láwọyin kò dúró ní tirẹ̀. Ó gba orí ẹṣin kọjá, ó sì bọ́ sínú omi gbì. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi kí i pé ẹ kú ìwẹ̀ o, wọ́n bi í bóyá kí wọ́n bá a mú kànìnkànìn wá. Ó dìde, aṣọ rẹ̀ ń ro tótó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tún gùn ún. Pupa tún dúró. Ìgbà méje ló gbìyànjú, ìgbà méje ni ẹṣin náà kọ̀. Kò nà án, nítorí ẹṣin tí wọ́n bá nà létí odò, yóò máa kórìíra odò títí láé ni. Nígbà tí oòrùn kàn án látàrí, ó fẹsẹ̀ rìn wálé, ó ń fa ìjánu lẹ́yìn.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ti mọ́, ó tún ti wà létí odò. Ó ń gbìyànjú lọ́wọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró fa Máwẹ̀yìn dé láti wẹ̀ ẹ́, kí ó lè mọ́ tónítóní bí Tápà bá fẹ́ mú un lọ nírọ̀lẹ́. Ojú obìnrin náà pọ́n. Máwẹ̀yìn kò dúró de ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ó wọ inú odò bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, omi mu ún dé ikùn, ó gun òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko.

Pupa na etí rẹ̀ sókè. Ó yán. Láwọyin kò fi gìgísẹ̀ kàn án, kò fa ìjánu, síbẹ̀ ẹṣin náà tẹsẹ̀ bọ omi, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Láwọyin dá a padà, ó ní kó tún òun nìkan kọjá, ó kọ̀. Wọ́n mú Máwẹ̀yìn ṣíwájú. Ó tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé e.

"Àwẹ̀ró, Tápà yẹn fẹ́ gba ẹni tó mọ̀nà, kó fi ẹni tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn sílẹ̀ fún mi."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò ní fi Máwẹ̀yìn ṣe pààrọ̀. Èyí náà ò sì ní lọ."

Ó bá Ndako níbi tó jókòó sí láàárín àwọn ẹṣin rẹ̀, kò tilẹ̀ kí i.

"Ndako, kí lo fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

Ará Tápà náà bú sẹ́rìn-ín. "O ti mú un dé odò."

"Mo mú un dé odò."

"Ejò bu èyí tó ń ṣíwájú fún mi jẹ lójú ọ̀nà, ó kú. Odò mẹ́ta ló wà láàárín ibí àti Ajàdó. Àwọn ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lójú. Ọ̀rẹ́ mi, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí mi ò bá rí tiwájú, ibí ni èmi àti wọn máa jókòó sí."

"O ò bá ti sọ fún mi!"

"Ṣé wàá gbà ni?"

Láwọyin ò lè purọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Àlọ mẹ́rin, àbọ̀ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta fún ìsinmi. Bí Máwẹ̀yìn bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lójú ọ̀nà, ó parí nìyẹn, koríko ti di ti Olúọ̀nà. Bí kò bá sì lọ, abo àgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ti nà lọ́dún tó kọjá ló kù fún un. Ó gbé orí sókè.

"Èmi àti Máwẹ̀yìn máa ṣíwájú fún ọ dé Ajàdó. Pupa ni owó iṣẹ́ wa. Ọyáníran ni yóò gùn ún lọ, òun náà ni yóò gùn ún bọ̀."

Ndako na ọwọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ilé gbọ́, ariwo ta. Wọ́n ní ta ló ń mú ẹṣin rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí eré ti wọlé dé. Láwọyin di Máwẹ̀yìn ní gàárì.

Wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀. Ní odò kọ̀ọ̀kan, Máwẹ̀yìn a wọ omi, Pupa a tẹ̀ lé e. Lójú ọ̀nà àbọ̀, kò dúró wo omi mọ́ rárá, bí ó bá ṣáà ti ń rí ìrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi òun nìkan síwájú, yóò tún dúró. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ọjọ́ sì ti pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, Ọyáníran bọ́ sílẹ̀, ó na ìjánu Pupa sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ ni ín." Láwọyin gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin náà. Kí n má tàn yín, ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ọdún kan gbáko ló ti ń lálàá pé òun náà ni òun máa kọ́kọ́ dé ààfin, kí gbogbo Olúọ̀nà rí i. Ó yọ ọwọ́ kúrò.

"Bí mo bá gun Pupa, ta ló máa gun Máwẹ̀yìn? Orúnkún mi nìkan ló mọ̀. Ìwọ ni kí o gùn ún, Ọyáníran. Èmi ló máa wà níwájú dé odò. Má wo Olúọ̀nà, má wo ẹnikẹ́ni, èmi ni kí o máa wò. Bí o bá ti gun òdìkejì, má tún wò mí mọ́."

Eré bẹ̀rẹ̀. Dúdú, ẹṣin agboolé Olúọ̀nà, bá Máwẹ̀yìn jáde lẹ́nu odi, wọ́n jọ la pápá já. Odò dé. Dúdú fa ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹṣin gbogbo ti ń ṣe, ṣùgbọ́n Máwẹ̀yìn já sínú omi láìdẹwọ́, Pupa sì wọlé tẹ̀ lé e. Níbi òkè, èémí arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Láwọyin gbọ́ ìró pátákò lẹ́yìn, ó sì mọ ẹni tó ni ín láìwẹ̀yìn. Ó rọra fa ìjánu sápá kan, ó fi ọ̀nà sílẹ̀. Ọyáníran kọjá lára rẹ̀ fìrì. Kò wò ó.

Pupa ló kọ́kọ́ dé ààfin, Dúdú ṣe ìkejì. Láwọyin ṣe ìkẹta, ipò tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ gbé Ọyáníran sọ́rùn, ó já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú eruku. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àwẹ̀ró kó gbogbo ẹṣin Jagunlábẹ̀ lọ sí etí odò, Máwẹ̀yìn ló sì kọ́kọ́ jẹ koríko níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní ọkọ̀ kì í wo ọkọ̀ sáré. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe tuntun yẹn, ti àtijọ́ ló gbé síwájú kó tó lu irin kankan. Ó ra tuntun náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò fi ti àtijọ́ ṣe pààrọ̀. Òun ni àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà báyìí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àgbà bá ń ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n á pa òwe náà fún un, kó lè mọ̀ pé ojú àwọn kan wà lẹ́yìn òun. Bí ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bá fẹ́ ta àwọn tó mọ̀nà nù, wọ́n á pa á fún òun náà. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, a tún máa ń pa á nígbà kẹta, nígbà tí àgbà bá mọ̀ pé ó tó àkókò láti ya sápá kan kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọjá.