Onígbàjámọ̀ àti Ìwé Àṣẹ Oníbúrẹ́dì

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ onígbàjámọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, kì í gbọ̀n, àwọn ìyá ọlọ́mọ kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn fá irun ìkókó wọn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé oníbúrẹ́dì. Òun ló fá orí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí oníbúrẹ́dì bí, búrẹ́dì gbígbóná kò sì wọ́n nílé onígbàjámọ̀ rí.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, ìgbìmọ̀ ìlú sì ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ nìkan ni wọ́n fún ní ìwé àṣẹ. Oníbúrẹ́dì lẹ tirẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, òǹtẹ̀ ìjọba wà lára rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fi aṣọ bo àga rẹ̀, ó fi epo pa abẹ rẹ̀, ó jókòó sílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbàdúrà fún oníbúrẹ́dì. Nígbà tó yá, òórùn búrẹ́dì tó ń fo ògiri wọlé ní ìdájí bẹ̀rẹ̀ sí í bí i nínú. Ojú fèrèsé ló ti wá ń mu ẹ̀kọ rẹ̀, kí ó lè máa wo àwọn tó tò síwájú ilé ẹnìkejì rẹ̀. Ó wo ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn ju bó ṣe wo ojú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù á gun àyà rẹ̀, á ní kó pa àlọ́ fún àwọn. Á pa á, àwọn ọmọ á gbe orin, ṣùgbọ́n ọkàn tirẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri.

Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n ti gbogbo nǹkan pa. Àwọn kan ní ebi á ti pa ará ìlú tán kí àrùn tó dé. Alága ìgbìmọ̀ pe ìpàdé sí pápá ilé ìwé, wọ́n jókòó jìnnà síra, ìbòmú wà lẹ́nu oníkálukú. Onígbàjámọ̀ dìde.

"Àrùn tí kò mọ ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì," ó ní, "ta ló júwe ilé onígbàjámọ̀ fún un?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ mi, búrẹ́dì kì í mí sí èèyàn lójú." Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, oníbúrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, ti oníbúrẹ́dì nìkan ni onígbàjámọ̀ gbé relé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ìyàwó oníbúrẹ́dì bí ọkùnrin. Onígbàjámọ̀ pọ́n abẹ rẹ̀, ó ń retí. Ọjọ́ kẹjọ pé. Ó gbọ́ ohùn àlùfáà, ó gbọ́ àmín èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbà pé wọ́n ti pe ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ béèrè. Ó dá a lóhùn pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ kò mọ ẹni tí kò ní mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó gun àpótí, ó yọjú lórí ògiri. Lẹ́yìn ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná, ó rí ẹní, abọ́ kan, ife kan, àti ẹsẹ̀ méjì ẹni tó sùn. Igi ìdáná bo ìyókù ara onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ òfin ni pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gba àlejò láti ìlú mìíràn. Inú onígbàjámọ̀ dùn. Inú rẹ̀ kò dùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ìlú pa. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá alága. Ó ní oníbúrẹ́dì ń fi àjèjì pamọ́, kí wọ́n gba ìwé náà, kí wọ́n sì ti ààrò rẹ̀ pa.

Alága àti ọkùnrin méjì bá a débẹ̀ ní ọ̀sán. Onígbàjámọ̀ ló ṣáájú, òun ló nawọ́ sí ẹní náà. Alága fi ọ̀pá tọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó sùn. Oníbúrẹ́dì ló dìde jókòó, fúláwà wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ó ní láti ọjọ́ tí ìwé àṣẹ ti tẹ òun lọ́wọ́ ni òun kò ti sùn nínú ilé. Èrò tó ń wá ra búrẹ́dì pọ̀, òun kò mọ èyí tó gbé àrùn dání. Ìyàwó òun wà nínú oyún nígbà náà, ìyá òun sì ti darúgbó. Orí òkúta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ òun sí. Ẹ̀yìn fèrèsé ni òun dúró sí tí wọ́n fi sọ ọmọ òun lórúkọ. Òun kò tíì gbé e rí.

Alága yíjú sí onígbàjámọ̀. "Àjèjì rẹ nìyí. Kí ni kí a ṣe fún un?"

Oníbúrẹ́dì ló bá onígbàjámọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Irun ọmọ náà ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fá a títí n ó fi lè gbé e lé itan fún ọ, bí mo ti ṣe fún àwọn yòókù. Orí ẹní yìí ni mo ti ń gbọ́ àlọ́ tí ò ń pa fún àwọn ọmọ rẹ. Mo jowú rẹ débi pé mo ń fi aṣọ dí etí."

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, irun ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí. Baba rẹ̀ gbé e wá, ó gbé e lé itan. Onígbàjámọ̀ ká aṣọ kúrò lórí àga, ó mú abẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó tún mú un, ọwọ́ ń gbọ̀n síbẹ̀. A kì í fi ọwọ́ gbígbọ̀n kan orí ìkókó. Wọ́n ránṣẹ́ pe onígbàjámọ̀ mìíràn. Òun wá di ẹni tó ń bá wọn gbé abọ́ omi dání, ó ń wo irun tí wọ́n ti fi pamọ́ dè é bó ṣe ń bọ́ lábẹ́ abẹ ẹlòmíràn.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń pa àkàwé yìí fún. Àbúrò rẹ sọ fún mi pé o ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ àdúgbò nítorí olóògùn òyìnbó tó wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ, pé tirẹ̀ ṣí, tìrẹ sì wà ní títì ní àsìkò kónílé-ó-gbélé yìí. Ó ní ọ̀la lo fẹ́ mú un lọ fún wọn. N kò sọ pé òfin náà tọ́. Mo mọ bó ti pẹ́ tó tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ti dákẹ́, òun ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí o bá fẹ́ bá ìgbìmọ̀ jiyàn kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tìrẹ, lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n má ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹnìkejì rẹ. Ìwọ ti rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, o kò tíì rí ibi tó ń sùn.

Kí o tó mú ìwé yẹn jáde lọ́la, kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Dúró ní ìta, kí o bi í bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe wà. Ọwọ́ lo fi ń ránṣọ, ọmọ mi. N kò fẹ́ kí ó gbọ̀n.