Ojú Ibi Tí Omi Kì Í Dúró

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n atojúbọ̀ ni wọ́n ń pe Ìbídùn nílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí bíríkìlà ta okùn ìpìlẹ̀ ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ́, ó rí i pé omi òjò dúró káàkiri àgbàlá, àfi ojú kan láàárín okùn.

Ó bi àbúrò ọkọ rẹ̀, "Akọ̀wé mi, ibo ni omi ibí ń gbà lọ?"

"Ìyàwó, ṣé o tún fẹ́ fọ̀rọ̀ wá òjò lẹ́nu wò ni?"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó lọ bi ìyá àgbà.

Ìyá ronú títí. "Kànga ìyá ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Pákó la fi dé e ká tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó."

Bíríkìlà fi irin gún ilẹ̀ náà, irin sì rì wọlẹ̀. Kíá ló tú okùn.

Akọ̀wé gbé àpótí fún Ìbídùn. "Jókòó, ìyàwó. Ibo ni ká wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Ìyá bóyá kànga kan ṣoṣo ni wọ́n dé."