Èbù Tí Ọba Jẹ

Mo fi ilẹ̀ búra, òótọ́ ni ìtàn yìí, àfi ibì kan. Ọba Ajírébi fẹ́ fi gbogbo oko àyíká kọ́ ọjà kí ìlú lè gbòòrò, síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi iṣu bọ́ ìlú. Opó kan lára wọn, Àwẹ̀ró, gún iyán lọ sí ààfin. Bí ọba ti ń lá ọwọ́, opó náà kúnlẹ̀: "Kábíyèsí, èbù àmọ́dún lẹ jẹ yẹn. Ẹ bá wa gbìn ín." Ọba la ẹnu sílẹ̀. "Ṣé ohun téèyàn ti jẹ tún ṣeé gbìn ni?" "Oko tẹ́ ẹ bá kọ́ ọjà lé lórí ńkọ́?" Ọba pa ẹnu dé, ó ní kí wọ́n gbé ọjà lọ sórí àpáta. Ibi tí mo ti purọ́ ni pé ó pa ẹnu dé. Ó ṣì là á sílẹ̀ dòní.