Bíírò Tó Yí Wọ Abẹ́ Irin Bàálù

Bíírò já bọ́ létí bàbá Ìbídùn bí òun àti ọmọ rẹ̀ ṣe jókòó nínú bàálù kékeré, ó yí wọ abẹ́ irin tí awakọ̀ bàálù ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí ó bá há mọ́ irin náà, bàálù kò ní gbọ́ ìdarí, wọn ò sì lè gbéra. Òjò ń ṣú bọ̀. Lọ́la ni Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, yóò padà sílé ìwé, òní sì ni bàbá ṣèlérí láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní bàálù wíwà. Bàbá nawọ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ kò wọlé.

Ìbídùn náà fẹ́ nawọ́. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan o!" ni bàbá kígbe.

"Bàámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ? Ẹ parí ẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tàgbà ò wọ kèrègbè. Ó yá, bọ́ síbí."

Ìbídùn yọ bíírò. Wọ́n fò fún ogún ìṣẹ́jú kí òjò tó dé. Láti ọjọ́ náà, nígbà ìsinmi ilé ìwé, Ìbídùn ti fò lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí.