Àkàrà Tí Òkété Fi Gba Odò

Ohun tí Òkété ń fẹ́ kò pọ̀. Ó kàn fẹ́ máa kọ́kọ́ mu omi láàárọ̀, kí ẹlòmíràn tó fi ẹsẹ̀ rú u ni. Ṣùgbọ́n Olórí Odò nìkan ló ní àǹfààní yẹn nínú igbó wọn, nítorí òun ní í kó gbogbo ẹranko jọ kí ọyẹ́ tó dé, kí wọ́n lè kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lójú ìsun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ẹfọ̀n ti ń ṣe é. Òkété ò fẹ́ ẹrẹ̀ o. Omi ló fẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń yan Olórí Odò rèé: ẹni tó ń du ipò á dúró, alátìlẹ́yìn rẹ̀ á di ìrù rẹ̀ mú, ẹlòmíràn á di ìrù tìyẹn mú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ló wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, òórùn àkàrà gba igbó kan. Òkété ti jí ẹ̀wà lóko àgbẹ̀ kan, ó lọ̀ ọ́, ó sì ń dín in lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ọ̀bọ, ọ̀rẹ́ mi, gba èyí. Kì í ṣe nítorí ìbò o. Ṣé a ò kàn lè jẹun pọ̀ mọ́ ni?"

Ọ̀bọ jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. "Tí mo bá wá lọ di ìrù Ẹfọ̀n mú ńkọ́?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó lépo yẹn? Á yọ̀ bọ́ ni."

Ẹkùn dé, ó lejú koko. "Èmi kì í jẹ àkàrà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹran wà nínú tiyín."

"Ẹran ta ni?"

"Ẹ jẹ ẹ́ ná, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹkùn jẹ ẹ́. Ó ní òun ti ń rí ìwà olórí lára Òkété tipẹ́tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n tò tán, ìlà Òkété lọ dé ẹ̀yìn òkè. Ìgbín nìkan ló ń bọ̀ lẹ́yìn Ẹfọ̀n, kó sì tó dé ìdí ìrù náà, wọ́n ti kí Òkété kú oríire tán.

Nígbà tí ọyẹ́ kù díẹ̀ kó dé, Ọ̀bọ lọ bá olórí tuntun lẹ́nu ihò rẹ̀. "Kábíyèsí Odò, ìgbà wo la máa kó ẹrẹ̀?"

"Ẹrẹ̀ wo? Ṣé àkàrà yẹn ò dé ikùn rẹ ni?"

"Ó dé."

"Odò ọdún yìí lẹ jẹ yẹn. Ṣé kí n tún gbé e fún yín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ọ̀bọ yíjú padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Òótọ́ kúkú ni, òun jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí odò fi di kòtò ẹrẹ̀ tí omi díẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Òǹgbẹ dá ọmọ Àgbọ̀nrín dùbúlẹ̀. Òkété ń mu tirẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń nu irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, omi sún sẹ́yìn débi pé ó ní láti tẹ ewé jíjẹrà kó tó débẹ̀, àní ewé tí òun fúnra rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n kó. Ewé já. Ẹrẹ̀ gbé e mì, ó ku orí àti ìrù nìkan lókè.

"Ẹ gbà mí o. Ẹ wá tò sẹ́yìn mi."

Wọ́n dé. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́.

"Kí la máa jẹ?" Ọ̀bọ ló bèèrè, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀mí mi ń lọ."

"A gbọ́. À ń jẹun ká tó tò ni. Àbí ìlànà ti yí padà?"

"Ẹ̀wà ṣẹ́ kù nínú ihò mi. Ẹ lọ kó o."

Wọ́n kó o, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, ó há gbogbo wọn lọ́fun. "Olórí Odò," Ẹkùn ń wúkọ́, "bu omi fún wa."

Olórí Odò ò lè fèsì. Ẹrẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀.

Ẹfọ̀n ló dé tí kò bèèrè nǹkan kan. Ó fi eyín di ìrù náà mú. Ojú ti àwọn yòókù, wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlà ọjọ́ ìdìbò yẹn pátá, wọ́n fà. Òkété jáde, ṣùgbọ́n awọ ìparí ìrù rẹ̀ kù sẹ́nu Ẹfọ̀n.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kó ẹrẹ̀. Òkété ló ru agbọ̀n tó wúwo jù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dìbò nínú igbó yẹn á kọ́kọ́ yanu kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ìrù Òkété. Ibi tó bó yẹn ṣì funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ, bí wọ́n bá gbé àkàrà wá bá yín láàárọ̀ ìdìbò, ẹ bi wọ́n léèrè: omi ta ni wọ́n fi lọ ẹ̀wà náà?